Ẹ̀rọ Ìmí Tí Wọ́n Ṣe ní Kokomlemle

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà ràn-ìn ní Accra, Ràfíátù padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó wá. Fàrídà, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Lapaz, ti sọ fún un lórí fóònù pé kó jókòó sílé títí wọ́n á fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n kí aago méje àárọ̀ tó lù, Ràfíátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń fọ ọwọ́ nínú ike omi tí wọ́n gbé síbẹ̀, ó fi ìbòmú dúdú bo imú àti ẹnu.

Fàrídà ní, "Ràfí, kí lo wá ṣe?"

Ó ní, "Iṣẹ́ ni, mà."

"Ta ló wà nílé?"

"Abdulqoyum wà níbẹ̀. Àwọn tó ń wá kí wa, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń kí wa. Mi ò mọ ohun tí mo jókòó tì."

Fàrídà wò ó títí. Ó yà lọ́nà fún un.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Ràfíátù nígbà náà. Cow Lane ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé kan tí bàbá ìyá rẹ̀ ti Ìgbóho wá tẹ̀dó sí kí Ghana tó gba òmìnira. Ọṣẹ ni Ràṣídátù ìyá rẹ̀ ń tà, ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìwẹ̀, àti ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ tí wọ́n máa ń fi okùn gé. Bí ẹ bá béèrè Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní òpópónà yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè mú yín débẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Hausa ní mọ́ṣáláṣí, Gá lọ́jà, Twi nínú ọkọ̀. Ràfíátù gbọ́ gbogbo wọn, ìyẹn ló sì gbé e dé ilé-iṣẹ́ rédíò, nítorí kò sí ẹni tí kò lè fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó ti lọ́kọ rí. Ọkọ náà lọ Kumasi, ó ní òun ń bọ̀, kò bọ̀. Látìgbà náà ló ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti Abdulqoyum, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta bàtà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n rò pé ibà ni. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan parí láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé láti ẹnu géètì. Ní ọjọ́ kejì nọ́ọ̀sì kan pè. Ohùn rẹ̀ tutù, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní dókítà sọ pé ẹ̀rọ ló yẹ kó máa bá ìyá wọn mí báyìí, ṣùgbọ́n ara àwọn aláìsàn mìíràn ni gbogbo èyí tí àwọn ní wà.

"A ń retí kí ọ̀kan ṣí sílẹ̀," nọ́ọ̀sì náà sọ.

Ó ti tó ọdún méjìlá tí Ràfíátù ti ń gbé ìròyìn jáde. Ó mọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè.

Àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ìmáàmù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, èèyàn mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo láàárín ara wọn. Ràfíátù kò fọwọ́ kan ìyá rẹ̀, kò rí ojú rẹ̀. Ohun tó rí ni bàtà òjò ẹnì kan nínú àwọn tó ń sìnkú, tó ya ní gìgísẹ̀, tí wọ́n sì fi téèpù pupa lẹ̀ pọ̀. Bí èèyàn bá bi í nípa ìsìnkú yẹn lónìí, bàtà yẹn ló kọ́kọ́ máa wá sí i lọ́kàn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìròyìn tàn pé ọkùnrin kan ní àdúgbò Kokomlemle ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Tẹlifíṣọ̀n ti débẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ti débẹ̀. Fàrídà náà fẹ́ kí rédíò wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń pín iṣẹ́ láàárọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ Ràfíátù.

Ràfíátù ní, "Ẹ rán mi."

"Mi ò lè rán ọ síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ náà mọ ohun tó dé, Ràfí."

"Mà, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ẹ rán mi."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń kírun, ó ń wọkọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lórí apá tí apá náà sì kú, tó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ rí.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ Mùkáílà Àlàmú. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Másítà. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó sì ti ń tún fíríìjì ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọsibítù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ wọn wá fún un, torí pé àwọn tó tà á fún wọn kì í padà wá wò ó. Inú kọ̀ǹténà méjì lẹ́yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwọn fíríìjì tó ti kú sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́nu ọ̀nà ni Abena ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, ó ń rán ìbòmú. Ọmọ Koforidua ni Abena, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní Yorùbá débi pé òun ló máa ń ṣàtúnṣe ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Twi ni Másítà fi kí Ràfíátù. Nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló yí èdè padà.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mí, sà. Cow Lane."

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ ará Ìgbóho? Ìgbóho ni èmi náà! Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti di olóògbé, sà."

Másítà fi ọwọ́ bo àyà rẹ̀. "Ìnnà lílláhì. Ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Àìsàn ni, sà." Ràfíátù ti mú fóònù jáde, ó ti tẹ ibi tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Orí tábìlì ni ẹ̀rọ náà wà. Ó tóbi tó àpótí búrẹ́dì, páànù fíríìjì àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Másítà ṣí ìbòrí rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka. Àpò rọ́bà kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí kò lè mí.

"Ọwọ́ èèyàn máa ń rẹ̀," ó sọ. "Nọ́ọ̀sì kan kò lè tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi wá wá ohun tí kò ní í rẹ̀." Ó fi ìka kan mọ́tò kékeré kan. "Èyí tó ń nu omi òjò lójú gíláàsì ọkọ̀ nìyí. Ara tirótirò akérò kan tó bàjẹ́ ní ibùdókọ̀ Circle ni mo ti yọ ọ́. Òun ló ń yí irin yìí, irin yìí ló ń tẹ àpò."

Ó so ọ̀pá rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ náà mọ́ bàlúù rọ́bà funfun kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́, tó dúró fún ẹ̀dọ̀fóró, ó tan iná sí i. Irin tẹ àpò, bàlúù wú. Irin gbéra, bàlúù rọ̀. *Fúù*, á dákẹ́, *kẹ̀*. *Fúù*, á dákẹ́, *kẹ̀*.

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn dókítà ń bọ̀ wá wò ó," Másítà sọ. "Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́. Ọlọ́lá kan wá lánàá. A fi ìgbọ̀nwọ́ kí ara wa, wọ́n yà wá ní fọ́tò."

Ràfíátù ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ kí òun lè gba ohùn rẹ̀ dáadáa. Ó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Abena gbé wáákyè, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wá fún un nínú abọ́, ó yọ ìbòmú, ó jẹ ẹ́. Másítà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀, bí òun ṣe ba mẹ́ta jẹ́ kí èyí tó dúró. Nígbà tó yá, Másítà náà dákẹ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ràfíátù ń wo bàlúù náà. Kò mọ ìgbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Nígbà tí bàlúù bá wú, àyà tirẹ̀ náà á wú. Nígbà tó bá rọ̀, tirẹ̀ á rọ̀.

Bàlúù rọ̀, kò wú mọ́.

Ràfíátù jókòó, ó ń wò ó. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun náà kò tíì mí. Àyà rẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀, ó ń retí. Ó ṣí ẹnu, ó fa afẹ́fẹ́, ó wo fóònù. Ó ti di ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Másítà ti dìde. Ó gbé páálí, ó ń fẹ́ mọ́tò náà. "Ooru ni," ó sọ. "Ó gbóná ni. Ní ìsinsìnyí ló máa tún bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

Ràfíátù ní, "Ṣé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, sà?"

Másítà kò parọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ṣé ẹ ti sọ fún àwọn dókítà?"

Ó gbé páálí sílẹ̀, ó wá jókòó sí òdìkejì bẹ́ǹṣì, àlàfo sì wà láàárín àwọn méjèèjì. "Àbúrò mi, má fi ìyẹn sí i. Mo máa tún un ṣe kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Gbọ́ mi. Nígbà tí wọ́n lé àwọn bàbá wa kúrò ní ìlú yìí ní '69, mo kéré, orí ẹrù ni wọ́n gbé mi kà. Nígbà tí a padà wá, wọ́n ní kí ni Anago, àwa Yorùbá, mọ̀ ju ọjà títà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn tí kò kí mi láti ogún ọdún ti ń kí mi. Bí mo bá ṣe é yọrí, gbogbo wa la ṣe é."

"Mo ti gbọ́, sà," Ràfíátù sọ. Ó pa fóònù, ó dúpẹ́ wáákyè lọ́wọ́ Abena, ó jáde.

Kò ronú títí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ló máa ń sọ fún àwọn tó bá bi í. Àwọn kan rò pé ó gbàdúrà sí i, pé ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò rí oorun sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ní ilé-iṣẹ́, ó kọ ohun tó rí bí ó ṣe rí i. Ó ní ọkùnrin kan ní Kokomlemle ti fi páànù fíríìjì àti mọ́tò ọkọ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bàlúù dáadáa. Ó ní ẹ̀rọ náà dúró lójú òun ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, kò sì padà bẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ní ẹni tó ṣe é sọ pé ooru ni, àti pé òun ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ohùn ẹ̀rọ náà sí i, títí dé ibi tó ti dákẹ́.

Fàrídà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Bí a bá gé ibi ìkẹyìn yẹn kúrò ńkọ́?"

"Ẹ gé e bí ẹ bá fẹ́, mà. Kí ẹ má pe orúkọ mi sí i nìkan."

Fàrídà kò gé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó jáde lórí rédíò.

Fóònù ilé-iṣẹ́ náà kò sinmi lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ní ìlara ni. Ẹnì kan ní àwọn òyìnbó ló rán an níṣẹ́. Ẹnì kan fi Twi sọ pé Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá, ń fa Alata lulẹ̀, kí ló kan àwọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí Cow Lane pe Abdulqoyum, ó ní kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ràfíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń kọ orúkọ àwọn tó pè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ní ọ̀sán, àwọn dókítà ránṣẹ́ sí Másítà pé àwọn kò ní í lè wá ní Ọjọ́bọ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́rú, Abena wá. Kò fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ṣọ́ kọjá, ó wá dúró sí iwájú tábìlì Ràfíátù.

"Sístà, o jẹ wáákyè mi."

"Mo jẹ ẹ́, mà."

"O jẹ ẹ́ tán, o wá lọ ta ọkọ mi lójú gbogbo Accra. Láti àná kò jẹun. Ó jókòó sínú kọ̀ǹténà, ó ń wo ògiri. Kí ló ṣe ọ́? Kí ni ọkùnrin yẹn ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mà."

"Kí ló wá dé?"

Ràfíátù gbé kálámù sílẹ̀. Ohùn tó fi ń ka ìròyìn náà ló fi dá a lóhùn, kò ga, kò sì wálẹ̀.

"Ní oṣù tó kọjá, ìyá mi kò lè mí mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹ̀rọ tó ṣófo. Ká ní ẹ̀rọ ọkọ yín wà níbẹ̀, wọn ì bá gbé e fún ìyá mi. Inú mi ì bá dùn. Ǹ bá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ì bá dúró."

Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Abena fa àga kan, ó jókòó. Ó béèrè.

"Ṣé o sọ fún Másítà?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un?"

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, mà."

Abena mú ìbòmú kan jáde nínú àpò rẹ̀, èyí tí ó fi aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé rán. Ó gbé e sórí tábìlì. "Tìẹ yẹn ti gbó," ó sọ. Ó dìde, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọkùnrin àgbà kan pe ilé-iṣẹ́ rédíò. Olúbáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ iná mànàmáná fún ọgbọ̀n ọdún. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà, òun sì mọ ohun tó ń ṣe é. Wọn kò ṣe mọ́tò yẹn kó máa ṣiṣẹ́ láì sinmi, nítorí òjò kì í rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n fi méjì sí i kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n sì so aago kan mọ́ ọn tí yóò pariwo bí ó bá fẹ́ dúró. Ràfíátù fún un ní nọ́ńbà Másítà.

Másítà kò pe Ràfíátù. Oṣù keje lọ, oṣù kẹjọ lọ. Ràfíátù ń gbé ìròyìn mìíràn, ìròyìn ilé-ìwé tí wọ́n tì, ìròyìn pápákọ̀ òfúrufú, ìròyìn iye àwọn tí àrùn náà mú. Iye àwọn tó kú ló máa ń kà jù. Ó ń kà á bí ó ṣe wà nínú ìwé.

Ní oṣù kẹsàn-án, Abena pè. "Wá," ó sọ. "Másítà fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láì dúró. Ó ní kí o wà níbẹ̀."

Nígbà tó débẹ̀, Olùkọ́ Olúbáyọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Másítà kí i, kò rẹ́rìn-ín. "Jókòó síbi tí o ti lè rí i dáadáa," ó sọ. Ràfíátù jókòó. Láàárọ̀ ó ń wá, ní ìrọ̀lẹ́ ó ń lọ, Olùkọ́ àti Másítà sì ń gba ipò ara wọn. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ku òun àti Másítà nìkan, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láì yíjú.

"Abena sọ ti ìyá rẹ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní bẹ̀ ọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Inú bí mi sí ọ. Ó tó oṣù kan gbáko." Ó fi aṣọ nu orí ẹ̀rọ náà. "Kò bí mi mọ́."

Ràfíátù mi orí. Ó rò pé ó yẹ kí òun ní ìtura. Ó wá a nínú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò rí i, ó sì fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Olùkọ́ kọ àkókò náà sílẹ̀, ó ní, "Ó tó." Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Másítà jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀ǹténà náà, ó nasẹ̀, Abena sì fi omi tútù fún un. Ràfíátù gbé ìyẹn náà jáde lórí rédíò, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn tó pè láti bú u nígbà àkọ́kọ́ kò pè láti yìn ín. Ẹni méjì péré ló pè.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ti pẹ́ jù. Àwọn aláìsàn ti dín kù, ẹ̀rọ láti òkè òkun sì ti dé. Àwọn dókítà wá, wọ́n wò ó fún odindi ọjọ́ kan, wọ́n ní iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Wọ́n ní àwọn kò nílò rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kan fẹ́ méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Másítà gbé wọn lọ fúnra rẹ̀, Ràfíátù sì tẹ̀ lé e. Másítà fi wákàtí kan ṣàlàyé fún àwọn ọmọbìnrin náà, ó ń làágùn nínú kóòtù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ní, "Kò bá aláìsàn kankan mí rí." Ràfíátù ní, "Rárá, sà."

Másítà ti padà sídìí fíríìjì rẹ̀. Ràfíátù ṣì wà ní Lapaz, òun ló ń darí ètò ọ̀rọ̀ Yorùbá wọn báyìí ní gbogbo Jímọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni ara, á ní ara le. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 2022, nínú báńkì, níbi tó ti ń tò sórí ìlà, láì sí ohun tó fà á. Nígbà tó kan án, ó nu ojú, ó bá wọn sọ ohun tó wá ṣe.

Abena máa ń wá sí Cow Lane ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání, ìbòmú ni tẹ́lẹ̀, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ló kù báyìí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Abena á máa fọwọ́ rán ibi tó kù, oorun á gbé e lọ lórí àga, abẹ́rẹ́ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràfíátù á dìde, á rọra gba abẹ́rẹ́ náà, á dín ohùn rédíò kù, á sì padà síbi tó jókòó sí.